Kajú Tútù, Kajú Yíyan, àti Àpá Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Rẹ

Ilé Bàbá Rẹ,
Alápòtí,
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

Àjíkẹ́ mi, Sìkírátù ọmọ mi,

Lúkúmọ́nù ọkọ rẹ gbé lẹ́tà rẹ dé ọwọ́ mi. Ara mi le, àfi orúnkún tó ń yọ mí lẹ́nu, ìyẹn náà sì ti di ará ilé. Mo bá ọ yọ̀ fún iṣẹ́ tuntun tí o rí ní Ṣàngó, mo sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run Ọba fún oyún tó wà nínú rẹ. Wá ibi jókòó kí o tó ka èyí, nítorí ó gùn. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà, ọwọ́ mi kì í yá lórí ìwé, nítorí náà bí o bá dé ibi tí mo ti pa nǹkan rẹ́, kà á kọjá.

Ọ̀rọ̀ méjì ló wà nínú lẹ́tà rẹ tí mi ò lè gbójú fò. O ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n gbà ọ́ sí ń fọ́ kajú fún àwọn tó ń kó o lọ sí òkè òkun, pé wọ́n ń jẹ́ kí àwọn obìnrin gbé kajú tútù lọ fọ́ nílé, àti pé bí o bá bímọ tán, wàá máa gbé tìrẹ wá sí yàrá yín ní Ìjókò kí o lè máa fọ́ ọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ. Ìyẹn kan. Èkejì, o ní Àǹtí rẹ Rábí ránṣẹ́ sí ọ pé òun á wá bá ọ wẹ ọmọ fún ogójì ọjọ́, nígbà tí orúnkún mi ò jẹ́ kí èmi lè wá, ìwọ sì ní kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ọmọ rẹ. Bí o ṣe kọ ọ́ nìyí: "Ẹni tó fi omi gbígbóná bó mi lẹ́rẹ̀kẹ́ nígbà tí mo wà lọ́mọ ọwọ́, ṣé òun ni n ó tún gbé ọmọ mi fún?"

Sìkírá, Àǹtí rẹ kọ́ ló bó ọ. Èmi ni. Kì í sì í ṣe omi gbígbóná, kajú tútù ni.

Mo ti fa ìlà sábẹ́ rẹ̀ kí o má baà rò pé mo ṣì í kọ. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Tèmi ti lọ ju ogún lọ. N ó sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ fún ọ, n ó sì kọ́ ọ ní iṣẹ́ kajú lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí ọ̀rọ̀ méjèèjì wọnú ara wọn. O ò lè lóye ọ̀kan bí o ò bá mọ èkejì.

Nígbà tí mo fẹ́ bàbá rẹ, kajú kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni ń du. Igi rẹ̀ wà létí oko wọn níbí, àwọn èèyàn á mu omi èso rẹ̀, wọ́n á ju kóró rẹ̀ sígbó. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lẹ wá bá a ní ọjà. Láti ìgbà tí ètò ọrọ̀ ajé ìjọba tí wọ́n ń pè ní SAP yìí ti dé, tí ilé iṣẹ́ ń dá èèyàn dúró bí wọ́n ṣe dá ọkọ rẹ dúró níbi tó ti ń hun aṣọ, tó sì jẹ́ pé ohun tí òyìnbó bá lè rà lọ́wọ́ wa nìkan ló kù tó níyì, ni mọ́tò ti ń wá kó kóró kajú dé ẹnu ọ̀nà wa. Nígbà tiwa, èmi nìkan ni mo ń ṣa á. Àwọn obìnrin ilé ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní Ìyàwó Oníkóró dé. Ọ̀tà la ń gbé nígbà yẹn, bàbá rẹ ń ṣe bíríkìlà, èmi ń yan kajú tà fún àwọn tó ń rìnrìn-àjò lọ sí Ìdí-Ìrókò.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti yíyan, nítorí òun ni mo kọ́kọ́ mọ̀. Ìyá bàbá rẹ, kí Ọlọ́run forí jì wọ́n, ni wọ́n kọ́ mi. Wàá sá kóró náà sóòrùn títí á fi máa dún bí o bá mì ín. Wàá dà á sínú abọ́ irin ńlá tí o ti fi ìṣó lu ihò sí nídìí, wàá gbé e kaná ní gbangba ìta, wàá máa fi igi gígùn rò ó. Òróró tó wà nínú èèpo á máa kán sínú iná, iná á sì máa gbà á. Èéfín rẹ̀ kò dára fún ojú, kò dára fún ọ̀fun, aboyún ò sì gbọdọ̀ sún mọ́ ọn rárá. Ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ bọ̀ ni kí èèyàn dúró sí. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá ti dúdú, tí iná ń jó lórí rẹ̀, wàá dà á sílẹ̀, wàá bu yanrìn bò ó kí iná náà kú. Bó bá tutù, fi igi gbá a lẹ́ẹ̀kan, èèpo á là, ọmọ inú á jáde, awọ pupa tó bò ó á sì ṣí bí o bá ti fi àtàǹpàkò pa á.

Yíyan ní àbùkù tirẹ̀, n kò ní tàn ọ́. Ọmọ inú rẹ̀ máa ń fọ́, èyí tó wà lódindi kì í pọ̀. Àwọ̀ rẹ̀ kì í dọ́gba, òmíràn á pọ́n, òmíràn á jóná. Bí o ò bá tètè tà á, ó máa ń rọ̀, á pàdánù adùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ń ta sánsán, ó ń dún lábẹ́ eyín, ẹni tó bá jẹ ẹyọ kan á tún na ọwọ́. Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni pé iná ti jẹ èyí tó pọ̀ jù nínú òróró burúkú yẹn kó tó kan ọwọ́ rẹ.

Ti tútù yàtọ̀. Ọmọ inú rẹ̀ funfun, ó máa ń jáde lódindi bí ọwọ́ èèyàn bá mọ̀ ọ́n, kì í sì í rùn bí èéfín. Àwọn tó ń rà á fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀ nítorí àwọn fúnra wọn ni wọ́n máa yan án bó ṣe wù wọ́n. Lẹ́nu, kò dùn tó èyí tí a yan. Ó jọ àgbọn tí kò tíì gbó. Ó lè pẹ́ nílẹ̀ ju yíyan lọ bó bá gbẹ dáadáa. Bí o bá wo ojú ọjà nìkan, wàá ní tútù sàn jù, èmi náà sọ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ gbogbo òróró rẹ̀ ṣì wà nínú èèpo, ọwọ́ ẹni tó bá fọ́ ọ ló sì máa gbà á.

O kọ ọ́ pé wọ́n ti fi ooru omi sè é kí wọ́n tó pín in fún yín, pé ọ̀gá yín ní kò léwu mọ́. Ooru omi ń mú kí èèpo rọ̀ ni, kì í mú òróró kúrò níbẹ̀. Ọ̀gá yín kọ́ ló ń fọ́ ọ. Ní kí àwọn obìnrin tó ti pẹ́ níbẹ̀ na ọwọ́ wọn kí o wò ó. Mi ò tíì dé ibẹ̀ rí, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí wàá rí: àtàǹpàkò tó dúdú, àti ìka tí awọ rẹ̀ ń ṣí. Fi sọ́kàn pé ọwọ́ yẹn ni wọ́n fi ń gbé ọmọ nílé.

Wàyí o, bí ọmọdé bá ṣubú, á wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, á wo ẹ̀yìn. Jẹ́ kí n wo ẹ̀yìn.

Oníbàárà kan dé ọ̀dọ̀ mi, obìnrin tó ń ṣe kéèkì fún àwọn òyìnbó l'Ékòó. Ó tọ́ kajú mi wò, ó ní ó dùn, ṣùgbọ́n ó dúdú jù, ó sì ń rùn bí èéfín. Funfun ni òun fẹ́. Orí mi wú. Mo lọ bá ìyá ọkọ mi pé kí wọ́n kọ́ mi ní fífọ́ tútù. Wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Mùnírá, kajú tútù kì í ṣe ohun tí à ń fọ́ nílé ọlọ́mọ. Jẹ́ kí ọmọ rẹ kọ́kọ́ rìn." Ẹnu wọn náà ni mo ti mọ̀ pé bí a bá fẹ́ fọwọ́ kan án, a máa ń fi àdín pa ọwọ́, a ó sì bu eérú lé e, bí a bá parí, a ó tún fi àdín nu ọwọ́, kí a tó fi ọṣẹ dúdú àti kànìnkànìn fọ̀ ọ́. Mo gbọ́ ìyẹn, mo sì ju ìkìlọ̀ tó ṣáájú rẹ̀ nù. Mo rò pé wọn ò fẹ́ kí n bọ́ sí iwájú ni. Bàbá rẹ náà gbọ́ sí i, wọ́n ní àwọn ò fẹ́ kajú tútù nínú ilé. Mo ní mo ti gbọ́. Mo wá ń dúró kí wọ́n lọ síbi iṣẹ́ kí n tó gbé òkúta tí mo fi ń fọ́ ọ jáde.

Ìmọ̀ràn kìíní nìyí, Àjíkẹ́: bí ìyá ọkọ bá sọ̀rọ̀, má ṣe kọ́kọ́ wá ìlara nínú rẹ̀. Wá ọgbọ́n ibẹ̀ ná. Bí o ò bá rí ọgbọ́n kankan, o ṣì lè padà wá ìlara; kò ní lọ ibì kankan.

Àǹtí rẹ Rábí ń gbé lọ́dọ̀ wa nígbà yẹn. Àbúrò bàbá rẹ tí wọ́n jọ mu ọmú kan náà ni, ó tó bí ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún. Wọ́n mú un wá sí Ọ̀tà kó wá kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán, ó ku oṣù díẹ̀ kó gba fúrídọ̀mù. Ọmọ ilé ọkọ mi ni, nítorí náà mi ò jẹ́ pe orúkọ rẹ̀ lójú rẹ̀. Eyínafẹ́ ni mò ń pè é, nítorí eyín rẹ̀ funfun, ó sì máa ń rẹ́rìn-ín nígbà náà. Bó bá ti ibi iṣẹ́ dé lọ́sàn-án, òun ló ń wẹ̀ ọ́. Kò sẹ́ni tó bẹ̀ ẹ́. O ti pé oṣù mẹ́ta.

Ọjọ́ tí mò ń wí yìí, mo ti jókòó sẹ́yìnkùlé láti àárọ̀, mò ń fọ́ kajú tútù. Oníbàárà mi ń bọ̀ lọ́jọ́ kejì. Àdín ti tán nílé, mi ò sì fẹ́ dìde lọ rà á, nítorí bí mo bá lọ, bàbá rẹ lè dé bá òkúta nílẹ̀. Nígbà tí mo gbọ́ ẹkún rẹ, mo fi omi ṣan ọwọ́ mi. Omi lásán. Omi kì í mú òróró kajú kúrò, ó kàn ń tẹ́ ẹ lọ ni. Rábí ti wẹ̀ ọ́ tán, ó ti fi ìpara pa ọ́ lára, ó gbé ọ lé mi lọ́wọ́ kí n fún ọ lọ́mú. Itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ. Mo fi àtàǹpàkò àti ìka méjì nù ọ́ lẹ́rẹ̀kẹ́ òsì, mo sì ń fi ọwọ́ pa á títí o fi sùn.

Kò sí ohun tó ṣe ọ́ nígbà yẹn. Ìwà òróró kajú nìyẹn. Bí iná bá jó èèyàn, á fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn lójú ẹsẹ̀. Kajú tútù kì í sọ nǹkan kan. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ ti pọ́n. Nígbà tó fi di ìrọ̀lẹ́, ó ti lé, omi ti gbárajọ sábẹ́ awọ rẹ̀, o sì ń ké débi pé ohùn rẹ há.

Bàbá rẹ ti ibi iṣẹ́ dé, ẹsẹ̀ wọn ṣì kún fún sìmẹ́ǹtì. Wọ́n wo ojú rẹ, wọ́n béèrè ẹni tó wẹ ọmọ.

"Rábí, irú omi wo lo fi wẹ ọmọ mi?"

"Bùrọ̀dá, omi náà lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni. Mo fi ìgbọ̀nwọ́ dán an wò."

"Ìgbọ̀nwọ́ wo? Ṣé ìgbọ̀nwọ́ rẹ ló mọ bí ara ọmọ jòjòló ṣe rí?"

Wọ́n yíjú sí mi. "Ìyá Sìkírá, ṣé omi yẹn gbóná?"

Mo ní, "Mi ò sí níbẹ̀."

Òótọ́ ni. Ẹ̀yìnkùlé ni mo wà. Bí o bá gbé gbólóhùn yẹn síwájú adájọ́, kò sí irọ́ nínú rẹ̀. Lọ́jọ́ náà gan-an, kò tíì dá mi lójú pé kajú ni, mo kàn ń fura. Lọ́jọ́ kẹta ni àtàǹpàkò mi dúdú, tí awọ àárín ìka mi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí, ni mo mọ̀. Rábí ṣì wà nílé lọ́jọ́ kẹta yẹn. Mo ṣì lè sọ ọ́. Mo fi àkísà wé àtàǹpàkò mi, mo ní ọ̀bẹ ló gé mi.

O máa bi mí pé kí ló dé. Ẹ̀rù bàbá rẹ ń bà mí, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn nìkan. Mo mọ̀ pé bí mo bá sọ ọ́, wọ́n á da kajú mi nù, wọ́n á sì ní ìyá àwọn ti kìlọ̀ fún mi. Mo fẹ́ kí obìnrin Èkó yẹn máa wá ra ọjà mi. Ohun tí mo fi ọmọlọ́mọ pààrọ̀ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi ni àgbà tó wà níbẹ̀, ojú sì ń tì mí bí mo ṣe ń kọ ọ́.

Bàbá rẹ ní kí Rábí kó ẹrù rẹ̀. Wọ́n dá a padà sí oko lọ́dọ̀ ìyá wọn, ó fi iṣẹ́ aṣọ rírán sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kò sì gba fúrídọ̀mù náà títí di òní. Nílé, wọ́n ń sọ fún àwọn tó ń bímọ pé kí wọ́n má ṣe gbé ọmọ fún un. Èmi náà ò fọ́ kajú tútù mọ́ láti ọjọ́ yẹn. Bàbá rẹ rò pé iṣẹ́ náà sú mi ni, wọ́n sì kú láìmọ̀.

Nígbà tí o dàgbà, tí àwọn ọmọ iléèwé ń fi àpá ojú rẹ ṣe ẹlẹ́yà, o wá bi mí pé kí ló ṣe ọ́. Mo ní, "Àǹtí rẹ ló fi omi wẹ̀ ọ́, kò mọ̀ọ́mọ̀." Mo rò pé bí mo ṣe ní kò mọ̀ọ́mọ̀ yẹn, mo ti ṣojú àánú. Wọ́n ní ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè ní í kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ẹnu tèmi mẹ́nu jù. Nítorí náà ìmọ̀ràn kejì, fún ìwọ tó wà nílé ọkọ: bí o bá ṣe ohun tí kò dára, sọ ọ́ lọ́jọ́ tí o ṣe é. Ọkọ rẹ á bínú, á sì tán. Bí o bá jẹ́ kó di ọjọ́ kejì, wàá ní láti wá nǹkan fi bò ó, bó bá sì di ọ̀sẹ̀ kan, ẹlòmíràn á ti máa jìyà rẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹta tí lẹ́tà rẹ dé, mo gbé orúnkún mi wọ mọ́tò, mo lọ sí Ojú Ọ̀rẹ́. O mọ ìsọ̀ Àǹtí rẹ, ibi tó ti ń ta òwú àti bọ́tìnnì fún àwọn aránṣọ. Bó ṣe rí mi, ó dìde.

"Ìyàwó, ṣé kò sí? Àbí Sìkírá ti bí?"

"Kò tíì bí. Eyínafẹ́, ẹ jókòó. Ọ̀rọ̀ àtijọ́ kan ni mo bá wá."

Mo sọ ọ́ fún un bí mo ṣe sọ ọ́ fún ọ yìí, mi ò fi nǹkan kan pamọ́. Ó ń to òwú sínú páálí nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀. Ó dáwọ́ dúró.

"Ọwọ́ yín ni?"

"Ọwọ́ mi ni."

"Kì í ṣe omi yẹn?"

"Omi ò mọ nǹkan kan sí i. Kajú tútù ni."

Ó dìde, ó gba ẹ̀yìn ìsọ̀ jáde. Mo jókòó. Aránṣọ kan wá ra òwú dúdú, mo ní kó padà wá. Ó pẹ́ gan-an kí Àǹtí rẹ tó wọlé, ojú rẹ̀ tutù fún omi. Kò jókòó. Ó ní:

"Ìyàwó, ọmọ mẹ́rin ni mo bí. Kò sí èyí tí mo fi omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ wẹ̀ nínú wọn. Omi tútù ni, lọ́yẹ́, lójò. Ọkọ mi bá mi jà. Ìyá rẹ̀ ní mo fẹ́ fi òtútù pa ọmọ àwọn. Mo ní bẹ́ẹ̀ là ń ṣe nílé wa. Nígbà tí gbogbo yín sọ pé omi náà gbóná, mo jà á níyàn lọ́dún kìíní. Lẹ́yìn náà, èmi fúnra mi gbà á. Mo ní bóyá ìgbọ̀nwọ́ mi ló tàn mí. Ẹ̀yin lẹ jẹ́ kí n máa bẹ̀rù ọwọ́ ara mi láti ìgbà náà wá."

Mo kúnlẹ̀. Kò tètè ní kí n dìde, mi ò sì dá a lẹ́bi. Mo bi í pé nígbà tí ẹ̀rù ń bà á tó bẹ́ẹ̀, kí ló dé tó fi ránṣẹ́ pé òun á wá wẹ ọmọ rẹ. Ó ní òun rò pé bí òun bá lè wẹ ọmọ Sìkírá fún ogójì ọjọ́ tí nǹkan kan kò sì ṣe é, bóyá ọkàn òun á wá balẹ̀. Sìkírá, mo ti sin òbí, mo ti sin ọkọ. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju ọ̀pọ̀ nínú wọn lọ.

Jẹ́ kí n parí ti kajú, kí n má gbàgbé. Mi ò mọ iye ìmọ̀ràn tí mo kà dé mọ́.

Má fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ilé tí ọkọ ò ti níṣẹ́ lọ́wọ́ kò lè jókòó ti iyì. Ṣùgbọ́n ní kí wọ́n fi ọ́ sí ibi tí wọ́n ti ń ṣí awọ pupa tàbí ibi tí wọ́n ti ń ṣa odindi kúrò nínú èyí tó fọ́, níbi tí èèpo ò ti sí mọ́. Bí wọ́n bá ní fífọ́ nìkan ló ṣẹ́ kù, ibi iṣẹ́ ni kí o ti fọ́ ọ. Kajú tútù ò gbọdọ̀ wọ yàrá yín, ì báà jẹ́ nínú àpò, ì báà jẹ́ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo mọ̀ pé gbogbo àwọn ẹgbẹ́ rẹ ló ń gbé e lọ ilé. Jẹ́ kí wọ́n máa gbé e.

Lo àdín àti eérú bí mo ṣe kọ ọ́ lókè, kí o tó bẹ̀rẹ̀ àti lẹ́yìn rẹ̀. Má fi omi ṣáájú ọṣẹ. Ní ìró tí o máa ró níbi iṣẹ́, kí o bọ́ ọ sílẹ̀ níbẹ̀, nítorí òróró náà máa ń mu aṣọ, ọmọ á sì fi ojú nù ún. Bí ó bá sì wù ọ́ láti ní tìrẹ lọ́jọ́ iwájú, yíyan ni kí o ṣe, ní ìta, lẹ́yìn tí o bá ti bímọ, nígbà tí ọmọ bá wà lọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Èrè rẹ̀ kéré, àmọ́ wàá lè fọwọ́ pa ọmọ rẹ lójú. Wọ́n ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Mo fi agbára mú tèmi, ìwọ lò ń gbé àpá rẹ̀ kiri.

O lè bínú sí mi. Má fi ọ̀wọ̀ ìyá bò ó mọ́lẹ̀. Bí o bá fẹ́ wá sọ ọ́ sí mi lójú, mo wà ní Alápòtí, n ó jókòó, n ó gbọ́ ọ tán. Ohun tí mi ò fẹ́ ni kí ìbínú náà tún lọ sí ilé ẹni tí kò jẹ̀bi.

Kí n tó kúrò ní Ojú Ọ̀rẹ́, mo bẹ Àǹtí rẹ pé kó ṣì wá wẹ ọmọ náà. Ó ní òun kò ní wá láìpè mọ́. Ó ní, "Ẹ̀yin ẹ mọ̀wé kọ. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ọmọ yẹn fi ojú ara rẹ̀ kà á. Bó bá kà á, á wá pè mí." Mo ní n ó kọ ọ́. Ó wò mí, ó ní, "Ẹ ti ní ọ̀pọ̀ ọdún láti sọ ọ́."

Nítorí náà, dìde lọ, kí oyún náà tó wúwo jù. Má rán Lúkúmọ́nù. Má dúró dè mí. Lọ fúnra rẹ, kúnlẹ̀, kí o sì pè é wá wẹ ọmọ rẹ. Bí o ò bá lọ, obìnrin yẹn á gbà pé mi ò kọ lẹ́tà yìí.

Èmi tó bí ọ,
Mùníràtù.